Ilé Tí Mo Ní Ó Kórìíra Irin

Ọjọ́rú ni, agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ yẹn ni, mo jáde kúrò nínú ilé kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láìwọ bàtà, gèlè mi wà lọ́wọ́ mi. Mo rí Bàbá Tàíwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó ti gbé ọkọ́ àti àdá rẹ̀ sílẹ̀ lókèèrè lábẹ́ ọ̀pẹ, ó sì mú àgbébọ̀ adìẹ kan tí a so lẹ́sẹ̀ dání. Oko rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọgbà wa. Àkọ́bí rẹ̀ jù mí lọ. Kí n tó kúnlẹ̀ kí i, òun ló dọ̀bálẹ̀ fún mi.

"Ìyá Jọkẹ́, ẹ dákun, ẹ bá wa tú òjò sílẹ̀. Àgbàdo ti ń kú."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí èèyàn tó fẹ́ràn àwàdà ni. Ṣùgbọ́n kò dìde. Iyẹ̀pẹ̀ lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹni tó bá lè bẹ̀ ọ́ pé kí o tú òjò sílẹ̀, ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìwọ lo dì í. Lónìí, adìẹ ló mú wá. Bí òjò kò bá rọ̀, kí ni yóò mú wá lọ́la?

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ iléèwé máa ń wá bi mí bóyá ó dára kí èèyàn kọ́ ọ. Ìdáhùn mi ni pé ó dára, ó dára gan-an ni. Mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe é, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta aṣọ gbọ́dọ̀ fi ibi tó ti ya han oníbàárà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, kí ẹ sì mọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bà jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ ohun tí oòrùn fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ooru rẹ̀ ni mò ń sọ, kì í sì í ṣe òjò. Oòrùn tí ẹ ń wò yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní àwọn ọdún tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀, ó sì ní àwọn ọdún tí àpá dúdú máa ń pọ̀ lójú rẹ̀, tí yóò máa tu iná jáde. Ohun tó bá tu máa ń rìn ní òfuurufú fún ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A kì í fojú rí i, kì í sì í jó ni lára. Ṣùgbọ́n ó máa ń da agbára òòfà ilẹ̀ ayé rú, èyí tó ń mú kí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kọjú sí àríwá. Rédíò àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi á máa hó, ẹ̀rọ tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń gba àmì láti òkè ọ̀run á máa ṣìnà. Àwa la máa ń rí i bó ṣe ń bọ̀, tí a ó sì kìlọ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Mo ní ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, wọ́n ń wá ẹni tó lè kọ nọ́ńbà kó sì hàn ketekete, wọ́n mú mi. Owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá mi ni ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa rẹ̀. Mìsíé Adéyẹmí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Sakété, ó ga, ó sì gbẹ bí igi ìrókò tí iná jó lára, kì í rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dá mi dúró lẹ́nu ọgbà.

"Bọ́ irin ara rẹ sílẹ̀."

"Mìsíé, n kò ní irin lára."

Ó mú kọ́ńpáàsì kékeré kan jáde lápò, ó ń fi yí mi ká. Nígbà tó dé ẹ̀yìn orí mi, abẹ́rẹ́ náà fò.

"Abẹ́rẹ́ yìí ní o ń parọ́," ni ó wí.

Píìnì irun ni. Láti ọjọ́ náà, mo mọ gbogbo ohun irin tó lè fara pamọ́ sára obìnrin: ìkọ́ kọ́mú, ìdè bàtà, kọ́kọ́rọ́, ojú síìpù, wáyà ẹ̀yìn ìwé ìkọ̀wé. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wọlé. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ilé kékeré tí a ti ń wọn agbára òòfà náà, ìṣó bàbà ni wọ́n fi kàn án, torí bàbà kì í yọ òòfà lẹ́nu. Mìsíé Adéyẹmí máa ń sọ pé bí irin kan péré bá wọbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ ayé là ń wọ̀n mọ́, ara wa là ń wọ̀n.

Nígbà tí mo ṣì ń pọn Jọkẹ́, mo fi píìnì kékeré kan há ìró mi, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wọ̀n báyẹn. Ọ̀gá mi rí i pé nọ́ńbà mi ń yẹ̀. Ó jẹ́ kí n kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, lẹ́yìn náà ó tẹ́ ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tó ti ibùdó mìíràn wá, ó ní, "Fi ọwọ́ wá ara rẹ." Mo wá, mo rí píìnì náà, ojú tì mí débi pé Jọkẹ́ tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní kí n fi ìlà kan ṣoṣo gba àárín nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá kà á lọ́la ṣì lè rí àṣìṣe náà, kí n sì kọ "èké" sí etí gbogbo ojú ewé.

"Mìsíé, n kò parọ́. Mo ṣèèṣì ni."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí kò jẹ́ òótọ́, èké ni, ì báà jẹ́ áńgẹ́lì ló kọ ọ́."

Ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ohun yòókù, ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ sì máa ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, òòfà tín-ínrín kan ni a fi okùn tó rí bí òwú aláǹtakùn gbé kọ́ nínú òkùnkùn. Dígí kékeré wà lára rẹ̀. Iná yóò tàn sí dígí, dígí yóò dá a padà sórí bébà tí a yí mọ́ agolo kan tó ń yípo lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Láràárọ̀ a óò yọ bébà náà, a óò fi omi oògùn fọ̀ ọ́ lábẹ́ iná pupa, ìlà dúdú kan yóò sì jáde. Bí ara oòrùn bá balẹ̀, ìlà náà á máa lọ jẹ́jẹ́, á wú lọ́sàn-án bí ikùn aboyún, á sì rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́. Àwa tí a ń gbé apá ibí yìí nínú ayé, ìwúsókè ọ̀sán yẹn ga lọ́dọ̀ wa ju ti ọ̀pọ̀ ibi lọ. Bí ìjì oòrùn bá dé, ìlà á fò bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo pe ọ̀gá mi. Ó ní, "Má pariwo sí mi. Kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀."

Nígbà tó yá, wọ́n kó àpótí kan wá tí kò ju agolo mílíìkì lọ. Ìlà náà kúrò lórí bébà, ó bọ́ sójú kọ̀ǹpútà nínú bíròó, tó wà ní ọgọ́rin ìṣísẹ̀ sí ilé kékeré náà. A bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwòrán ojú oòrùn láti òkè òkun ní gbogbo wákàtí, a sì lè kìlọ̀ kí ìjì tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti dé. Mìsíé Adéyẹmí wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́, ó ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa wọ̀n án lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ká lè mọ̀ bóyá àpótí náà ń sọ òótọ́?" Ó fi ilé sílẹ̀ fún mi, ó fẹ̀yìn tì lọ sí Sakété.

Ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ifangni, níbi tí ọgbà wa wà, ọ̀nà oko tó lọ sí apá Lagbé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa gan-an. Bí àgbẹ̀ bá gbé ọkọ́ kọjá nígbà tí mo ń wọ̀n lọ́wọ́, ìwọ̀n náà bàjẹ́. Wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ṣàlàyé agbára òòfà bí wọ́n ṣe ṣe é fún mi, mo tilẹ̀ fi kún un ní Faransé. Bàbá Tàíwò gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ẹ̀rọ tí ìjọba kó ti òkè òkun wá," ó ní, "ọkọ́ mi ló ń bà á lẹ́rù? Bá mi sọ fún un kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni mò ń lọ ro."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, inú ti bí mi, ìwọ̀n mi ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo na ọwọ́ sí ilé kékeré náà, mo ní, "Bọ̀n, ó dáa. Ilé yìí kórìíra irin. Èèwọ̀ rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín tán. Wọ́n wo ilé náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì gba ọ̀nà jíjìn. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbé irin kọjá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Àwọn tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, láti Daagbé títí dé Tchaada, gbọ́, wọ́n sì pa á mọ́. Nílẹ̀ wa, ìdílé kan wà tí kì í jẹ òkété, agbo ilé kan wà tí a kì í súfèé níbẹ̀. A kì í bi èèwọ̀ pé kí ni ìdí rẹ̀, a máa ń pa á mọ́ ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ṣe ohun tí gbogbo àlàyé mi kò lè ṣe, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí ọ̀nà àbùjá.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi nígbà tí mo lọ kí i. Ó dá oúnjẹ dúró.

"O fún ilé tí kò ní òrìṣà ní èèwọ̀," ó ní. "Àwọn èèyàn á bá ọ wá òrìṣà náà."

Mo rò pé ogbó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọdún méje kọjá. Ọdún kan dé tí wọ́n gbin àgbàdo, òjò méjì rọ̀, ó sì dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewé àgbàdo ká jọ bí etí ehoro. Níbi ẹ̀rọ gàrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé, ilé wo ló wà lọ́nà Lagbé tí wọ́n ti ń ṣọ́ oòrùn? Ilé wo ni obìnrin máa ń wọ̀ láìwọ bàtà, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀? Ìyá Elépo, àbúrò Bàbá Tàíwò, obìnrin tó ní ibi ìfúnpo, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló bá wọn dá ẹjọ́ náà. "Ohun tó bá kórìíra ọkọ́," ó ní, "oko ló kórìíra."

Báyìí ni Bàbá Tàíwò ṣe gbé adìẹ wá. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dìde, mo ní òjò kò sí lọ́wọ́ mi, n kò sì gba adìẹ náà. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó wo adìẹ, ó wò mí.

"Kò tó ni?" ó béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, délégé àdúgbò wa, ẹni tó ń ṣojú ìjọba láàárín wa, yà sí ilé mi. Ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń sọ̀rọ̀ iná, òun sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tí òun tún lè sọ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ kejì, mo bá imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ tí wọ́n kó jọ ti ọgbà, ní ẹ̀yìn ilé kékeré náà. Kò sẹ́ni tó ṣáná sí i. Wọ́n kàn fẹ́ kí n rí i ni.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akọni ni mí. Ọkọ mi kó àwọn ọmọ lọ sí Porto-Novo lọ́jọ́ náà, ó ní kí n máa bọ̀, mo sì ti di ẹrù mi. Kí n tó jáde, mo tẹ ọ̀gá mi láago.

"Ṣé irin wà nínú ilé náà?" ó béèrè.

"Rárá, Mìsíé."

"Ṣé òrìṣà wà níbẹ̀?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń fi pamọ́? Ṣí ilẹ̀kùn."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí àlejò má wọbẹ̀ láé."

"Èmi ni. Mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà."

Mo lọ bá délégé, mo ní kí ó kó àwọn àgbà wá kí ọjọ́ ọjà tó pé. Mẹ́fà ló wá, Bàbá Tàíwò àti Ìyá Elépo wà lára wọn. Àwọn ọ̀dọ́ dúró sẹ́yìn ọgbà, kò sẹ́ni tó kí mi. Mo bẹ àwọn àgbà kí wọ́n kó irin wọn sílẹ̀, mo sì ṣílẹ̀kùn. Wọ́n bẹ orí wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí pákó, òpó símẹ́ǹtì kan, àpótí kékeré kan àti okùn iná.

"Kí ló kù?" ni Ìyá Elépo wí.

"Kò ku nǹkan kan, màmá."

"Ibí yìí ni gbogbo Ifangni ń bẹ̀rù? Ilé adìẹ mi ní ohun nínú ju èyí lọ."

Mo kó wọn lọ sí bíròó, mo fi ìlà ojú kọ̀ǹpútà hàn wọ́n. Mo wá ní kí Bàbá Tàíwò gbé ọkọ́ rẹ̀, kí ó rìn lọ títí kan ara ògiri ilé kékeré náà. Ó wò mí. Ọdún méje ni kò ti gbé ọkọ́ dé ìtòsí ibẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn ọgbà, ó sì lọ. Bí ó ṣe dé ibẹ̀, ìlà náà fò. Ó kúrò, ìlà padà. Àwọn tó wà nínú bíròó kígbe sí i kó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìlà fò, títí tó fi béèrè lókèèrè bóyá a ń wọ̀n ọ́n ni tàbí a ń fi òun ṣeré.

"Ẹ̀rọ yìí, olófòófó ni," Ìyá Elépo wí. "Ọkọ́ tó bá kọjá, á sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ohun tí oòrùn bá ṣe náà, á sọ. Bí ọkọ́ bá wà nítòsí, n kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti oòrùn."

Ó yíjú sí mi. "Ìyẹn yé mi. Kí ló dé tí o sọ fún wa pé èèwọ̀ ni?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá tún rí ọ̀nà àbùjá gbà lọ́jọ́ náà, iná ni. Mo kúnlẹ̀.

"Mo parọ́," ni mo wí. "Àlàyé ti sú mi. Mo rí i pé ẹ máa gbọ́ èèwọ̀ kíákíá, mo fi í bò yín lójú."

Ìyá Elépo na ọwọ́ sí mi. "Irọ́ ọdún méje," ó ní. "Ó gùn. Dìde."

Délégé lọ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n kó imọ̀ ọ̀pẹ náà kúrò lára ọgbà. Mo tú ẹrù mi.

Ìbá jẹ́ pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Ó rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó dá, àwọn èèyàn kan láti Tchaada gbé iṣu àti epo wá sí ẹnu ọgbà mi, wọ́n ń dúpẹ́ pé mo ṣílẹ̀kùn kí òjò lè jáde. Inú wọn dùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Ẹni tí a bá dúpẹ́ òjò lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni a óò dá lẹ́bi ọ̀dá. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń dúró lójú ọ̀nà oko, mo ń ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́, mo ń mú un wọ bíròó wá wo ìlà. Ó gba gbogbo ọdún náà. Ìwọ̀n mi bàjẹ́ nígbà púpọ̀, mo ń fi ìlà kan gba àárín rẹ̀, mo ń kọ "èké" sí etí rẹ̀.

Ọdún kejì, lẹ́yìn ìgbìn, òjò tún dáwọ́ dúró. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ní kí ọkọ mi tún kó àwọn ọmọ lọ sí Porto-Novo. Kò bá mi jiyàn. Èmi nìkan ni mo jókòó sí bíròó, mò ń wo ọ̀nà ju bí mo ṣe ń wo oòrùn lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bàbá Tàíwò yọ lójú ọ̀nà, òun nìkan. N kò rí adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá tààrà sí ẹnu ilẹ̀kùn bíròó.

"Ìyá Jọkẹ́, awọnlẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ wá wọn ilẹ̀ mi, kí wọ́n lè fún mi ní ìwé rẹ̀ ní mẹ́rì, ní ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń ṣìnà bí oòrùn bá ń bínú. Aládùúgbò mi ń wá ìṣísẹ̀ kan péré láti fi bá mi jà. Ṣé ara oòrùn á balẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

Mo wo àwòrán. Àpá dúdú ńlá kan ti tu iná lánàá, ó sì kọjú sí wa tààrà.

"Kò ní balẹ̀, bàbá. Ẹ jẹ́ kó di Àbámẹ́ta."

"Àbámẹ́ta. Dákọ́ọ̀, mo gbọ́."

Ó yí padà, ó fẹ́ máa lọ. Ẹ̀rù ló mú mi sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi mí. "Bàbá, ní ti òjò yìí..."

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

"Ta ló bi ọ́ ní ti òjò? Ti òjò, Ọlọ́run ni èmi ń bá ṣe ẹjọ́ yẹn, a kò tíì parí rẹ̀. Ọjọ́ tí awọnlẹ̀ máa wá ni mo ní kí o sọ fún mi."

Ó lọ. Mo jókòó títí mi ò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà mo tẹ ọkọ mi láago ní Porto-Novo, mo ní kí ó kó àwọn ọmọ bọ̀ wálé. Ó bi mí bóyá òjò ti rọ̀. Mo ní rárá, kò tíì rọ̀, kí wọ́n sáà máa bọ̀.